Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Ẹ̀fà: Ìtàn Tó Fara Sin Sínú Orin Àwọn Faransé

Orin àwọn Faransé ní ẹ̀ka kan tó yàtọ̀ sí orin ijó lásán, èyí tí wọ́n ń pè ní chanson à texte, ìyẹn orin tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ wúwo ju ìlù àti ohùn lọ, tó sì jẹ́ pé ẹni tó ń kọ ọ́ lórí ìtàgé ló sábà máa ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Inú irú orin bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú ohun tí ojú ilẹ̀ Faransé ti rí láti nǹkan bí àádọ́jọ ọdún sẹ́yìn fara sin sí: ìpakúpa tó ṣẹlẹ̀ ní Paris, ọdún mẹ́rin tí Jámánì fi jọba lé wọn lórí, bí wọ́n ṣe kó àwọn Júù lọ sí àgọ́ ikú, àti ogun tí wọ́n bá Algeria jà. Ẹni tó gbọ́ èdè Faransé yanjú lè gbọ́ irú orin yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí ó má mọ ohun tó dá lé lórí, nítorí ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń túmọ̀ orin wọ̀nyí ló sì gbà pé ṣe ni akọrin mọ̀ọ́mọ̀ fi ìtumọ̀ pamọ́ bí ẹni fi owó sábẹ́ ẹní, tí iṣẹ́ olùgbọ́ kò sì ju kí ó ká ẹní sókè lọ. Ìtàn àwọn orin náà kò bá èrò yìí lọ rárá. Púpọ̀ nínú ìtumọ̀ tí àwọn ènìyàn ń rí nínú wọn lónìí ni kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n kọ wọ́n. Ìṣẹ̀lẹ̀ ló wá bá orin nílé.

Le Temps des cerises, tí àkọlé rẹ̀ ń jẹ́ àsìkò èso ṣẹ́rì, ni ẹ̀rí tó hàn jù lọ. Ṣẹ́rì jẹ́ èso pupa kékeré roboto tó sábà máa ń so ní méjì-méjì, tó máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n ní agbègbè Paris ní ìparí oṣù karùn-ún, tí àsìkò rẹ̀ kì í sì í pẹ́ kó tó kọjá. Jean-Baptiste Clément ló kọ ọ̀rọ̀ orin náà ní 1866, nígbà tí Napoléon Kẹta ṣì wà lórí oyè, Antoine Renard sì fi ohùn sí i ní 1868. Orin ìfẹ́ ni. Olólùfẹ́ méjì jọ lọ ká èso, èso náà so rọ̀ sábẹ́ ewé bí ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀, àsìkò náà kúrú, ẹni tó ń kọrin sì ní ọgbẹ́ kan wà lọ́kàn òun láti ìgbà yẹn tí kò jiná. Kò sí ìjọba nínú rẹ̀, kò sí ìbọn, kò sí ìlú kankan tí ó dárúkọ.

Ní 1870 ni ogun dé. Nígbà tí àwọn Prussia ti ṣẹ́gun ilẹ̀ Faransé, àwọn ará Paris, pàápàá àwọn òṣìṣẹ́, kọ̀ láti tẹrí ba fún ìjọba tó kó lọ sí Versailles, wọ́n sì gba ìlú wọn sọ́wọ́ ara wọn láti 18 oṣù kẹta 1871. Ìjọba ìlú yìí ni ìtàn ń pè ní Commune, Clément sì wà lára àwọn tí àdúgbò Montmartre dìbò yàn sínú ìgbìmọ̀ rẹ̀. Ní 21 oṣù karùn-ún, àwọn ọmọ ogun Versailles já wọ Paris, ìpakúpa tó tẹ̀lé e títí di 28 oṣù náà ni wọ́n sì sọ ní Ọ̀sẹ̀ Ẹlẹ́jẹ̀. Àwọn òpìtàn kò tíì fẹnu kò lórí iye òkú, àwọn kan kà á sí nǹkan bí 7,000, àwọn mìíràn gbé e dé 20,000. Ní itẹ́ òkú Père-Lachaise, àwọn jagunjagun Commune 147 ni wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kan tí wọ́n sì yìnbọn pa, ògiri náà sì wà níbẹ̀ dòní olónìí.

Clément fúnra rẹ̀ wà nídìí ọ̀kan nínú àwọn odi tó kẹ́yìn, ìyẹn òkúta àti pákó tí àwọn ará ìlú kó jọ láti fi dí ojú títì, ní òpópónà Fontaine-au-Roi. Ibẹ̀ ni ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń jẹ́ Louise ti wá bá wọn ní ọjọ́ Àìkú 28 oṣù karùn-ún láti tọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́, kò sì gbà láti padà sẹ́yìn. Clément rí ọ̀nà sá dé Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n dájọ́ ikú fún un lẹ́yìn rẹ̀, kò sì lè wálé títí ìjọba fi dárí ji àwọn ará Commune ní 1880. Nígbà tí ó kó àwọn orin rẹ̀ jọ sínú ìwé ní 1885, orúkọ Louise yìí ni ó ya Le Temps des cerises sí, obìnrin tí kò mọ ìdílé rẹ̀, tí kò sì mọ̀ bóyá ó yè é. Àwọn kan máa ń sọ pé Louise Michel, ìlúmọ̀ọ́ká obìnrin inú Commune, ni. Kì í ṣe òun.

Clément kò yí ọ̀rọ̀ orin náà padà, síbẹ̀ orin náà kò jẹ́ ọ̀kan náà mọ́. Ṣẹ́rì pupa di àsíá pupa àwọn òṣìṣẹ́, ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ di ẹ̀jẹ̀ gidi, àsìkò tí kì í pẹ́ di ọjọ́ 72 tí Commune fi wà, ọgbẹ́ tí kò jiná sì di ti gbogbo àwọn tó pàdánù ènìyàn wọn. Kódà oṣù tí ṣẹ́rì ń pọ́n bá oṣù tí wọ́n pa wọ́n mu. Yorùbá a máa sọ pé orin ní í ṣíwájú ọ̀tẹ̀, ṣùgbọ́n orin tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ dá láti fi pe ìjà ni òwe náà ń bá wí. Èyí ṣíwájú ọ̀tẹ̀ láìmọ̀ pé ọ̀tẹ̀ ń bọ̀. Clément kan náà sì kọ orin mìíràn ní 1871, tí àkọlé rẹ̀ ń jẹ́ La Semaine sanglante, tó sọ ọ̀rọ̀ ìpakúpa náà láìfi bò, tó bú àwọn tó pani, tó sì ṣe ìlérí ẹ̀san. Èyí tó sọ gbogbo rẹ̀ tán ni àwọn ènìyàn kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀. Èyí tí kò sọ nǹkan kan ni gbogbo ìlú gbà mú. Nígbà tí François Mitterrand, Ààrẹ tẹ́lẹ̀ tó wá láti inú ẹgbẹ́ òṣèlú Socialist, kú ní 8 oṣù kìíní 1996, tí èrò péjọ ní gbàgede Bastille lẹ́yìn ọjọ́ méjì láti ṣe ìrántí rẹ̀, orin yìí ni Barbara Hendricks kọ níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó nílò àlàyé.

Ogun Àgbáyé Kejì mú irú ìfarasin mìíràn wá. Le Chant des partisans, orin àwọn tó ń bá Jámánì jà lábẹ́lẹ̀, jẹ́ iṣẹ́ Anna Marly, ọmọ bíbí ilẹ̀ Rọ́ṣíà tó ti ilẹ̀ Faransé sá dé Lọ́ńdọ̀nù, pẹ̀lú Joseph Kessel àti Maurice Druon. Kessel jẹ́ arákùnrin bàbá Druon, àwọn méjèèjì ló sì kọ ọ̀rọ̀ Faransé sí i ní 1943. Rédíò BBC kò kọ́kọ́ lo ọ̀rọ̀ náà; ohùn rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń súfèé rẹ̀ láti fi bẹ̀rẹ̀ ètò, nítorí pé ìfé a máa la ariwo tí àwọn ará Jámánì ń rọ́ sórí afẹ́fẹ́ kọjá nígbà tí ọ̀rọ̀ ẹnu kò lè là á kọjá. Ẹni tó bá ń súfèé lójú títì nígbà náà ti sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn ogun, ìtìjú ló gba ipò ìbọn. Nǹkan bí 76,000 Júù ni wọ́n kó láti ilẹ̀ Faransé lọ sí àwọn àgọ́ ikú, àwọn tó padà kò sì tó 3,000. Ọlọ́pàá Faransé fúnra wọn ló ṣe púpọ̀ nínú ìmúni náà, títí kan ti 16 àti 17 oṣù keje 1942 ní Paris, tí wọ́n mú nǹkan bí 13,000 ènìyàn lẹ́ẹ̀kan. Ó di 1995 kí Ààrẹ orílẹ̀-èdè náà, Jacques Chirac, tó gbà ní gbangba pé ilẹ̀ Faransé jẹ̀bi. Láàárín àádọ́ta ọdún tí ìjọba fi dákẹ́, orin kò dákẹ́ tán, ṣùgbọ́n ìdajì ọ̀rọ̀ ló ń sọ. Rédíò àti tẹlifíṣọ̀n wà lọ́wọ́ ìjọba, ìgbìmọ̀ kan sì ń gbọ́ orin kó tó jáde lórí afẹ́fẹ́. Àwọn iléeṣẹ́ bíi Radio Luxembourg àti Europe 1, tí ẹ̀rọ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ wọn wà lẹ́yìn ààlà, nìkan ló bọ́ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ yìí.

Jean Ferrat, tí orúkọ àbísọ rẹ̀ ń jẹ́ Jean Tenenbaum, pé ọmọ ọdún 11 nígbà tí wọ́n mú bàbá rẹ̀ ní 1942, Auschwitz ni wọ́n gbé e lọ, kò sì padà. Orin Nuit et Brouillard, òru àti ìkùukùu, tí Ferrat gbé jáde ní 1963, gba àkọlé rẹ̀ láti inú àṣẹ kan tí ìjọba Hitler pa ní 1941 pé kí wọ́n mú àwọn alátakò ní àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ́gun, kí wọ́n sì pòórá láìsí ìròyìn kankan fún ìdílé wọn. Alain Resnais ti fi orúkọ kan náà pe fíìmù rẹ̀ lórí àwọn àgọ́ náà ṣáájú, fíìmù tí àwọn aṣàyẹ̀wò ìjọba fi dandan lé e pé kí wọ́n bo fìlà ọlọ́pàá Faransé kan tó hàn nínú àwòrán kan mọ́lẹ̀, kí aráyé má baà rí i pé Faransé ló ń ṣọ́ àgọ́ náà. Ferrat kò dárúkọ bàbá rẹ̀ nínú orin, bẹ́ẹ̀ ni kò pe ẹnikẹ́ni ní Júù. Ọkọ̀ ojú irin, ìhòhò, àti àwọn orúkọ tí wọ́n sọ di nọ́ńbà ni ó sọ. Ibì kan wà tí àwọn olùgbọ́ òde òní máa ń fò dá, níbi tí ó ti ní òun yóò fi ọ̀rọ̀ òun jó twist bí ó bá gba bẹ́ẹ̀, kí àwọn ọmọdé lè mọ̀. Twist ni ijó tí gbogbo ọ̀dọ́ Paris ń jó kiri ní ọdún náà gan-an. Ọ̀rọ̀ kíkorò ni, ó ń ta á sí àwọn tó sọ pé orin ìfẹ́ ló tà. Oṣù kìíní ọdún yẹn ni de Gaulle ti Faransé àti Adenauer ti Jámánì ti fọwọ́ sí àdéhùn ọ̀rẹ́ láàárín orílẹ̀-èdè méjèèjì, àwọn aláṣẹ rédíò sì gbani nímọ̀ràn pé kí wọ́n má gbé orin náà sáfẹ́fẹ́. Ó tà láìka èyí sí.

Barbara, akọrin mìíràn tó yàtọ̀ sí Barbara Hendricks, gba ọ̀nà òdìkejì. Júù ni òun náà, Monique Serf ni orúkọ àbísọ rẹ̀, ó sì fi ìgbà ọmọdé sá káàkiri títí ìdílé rẹ̀ fi fara pamọ́ sí Saint-Marcellin. Ní 1964, tíátà kékeré kan ní Göttingen, ìlú yunifásítì ní Jámánì, pè é, ó sì fi ìkanra gbà láti lọ. Nígbà tó débẹ̀, dùùrù tó bá kì í ṣe irú tó béèrè, àwọn agbẹ́rù sì ń daṣẹ́ sílẹ̀. Ó ní òun kò kọrin. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ bẹ ìyá àgbàlagbà kan, wọ́n sì ru dùùrù ńlá tirẹ̀ wá. Kí ó tó kúrò nílùú ló kọ orin Göttingen sínú ọgbà tíátà náà. Àwọn orúkọ ọmọ Jámánì wà nínú rẹ̀, ìtàn àlọ́ tó sì mẹ́nu bà jẹ́ ti àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Grimm, tí wọ́n ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì ìlú náà kí ọba tó lé wọn dànù ní 1837. Kò sọ pé òun jẹ́ Júù, kò sì sọ ibi tí òun wà nígbà ogun. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n nìkan ló mọ ohun tó ná an láti kọ pé ọmọdé kan náà ni ọmọdé Paris àti ti Göttingen. Ní 2003, nígbà tí àdéhùn ọ̀rẹ́ yẹn pé 40 ọdún, Gerhard Schröder, olórí ìjọba Jámánì, mẹ́nu ba orin yìí nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní Versailles.

Orin Barbara mìíràn, L'Aigle noir ti 1970, tó dá lórí ẹyẹ idì dúdú kan tó bà lójú àlá, jẹ́ ìkìlọ̀ fún àwọn atúmọ̀. Nínú ìwé ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ tó jáde ní 1998, lẹ́yìn ikú rẹ̀, ó sọ ohun tí bàbá rẹ̀ fojú rẹ̀ rí nígbà tó wà lọ́mọdé, láti ìgbà náà sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbà pé bàbá náà ni ẹyẹ. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ni orin kò sọ bẹ́ẹ̀.

Ní 1982, Jean-Jacques Goldman, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Júù tó wá láti Poland àti Jámánì, kọ Comme toi, àwọn ọ̀dọ́ sì gbà á bí orin ìfẹ́ tàbí orin ìrẹmọ. Àwòrán ọmọbìnrin kékeré kan nínú ìwé àwòrán ìdílé ló fún un ní ìmísí rẹ̀. Ọmọ náà, tí orin pè ní Sarah, kò tíì pé ọdún mẹ́jọ, ó wọ aṣọ dáadáa, ó ní àwọn ọ̀rẹ́, ó sì ń ronú àtiṣègbéyàwó ní Warsaw lọ́jọ́ kan. Orúkọ ìlú yìí àti orúkọ àwọn ọmọ náà nìkan ni Goldman fi ṣe àmì. Kò sí ogun, kò sí àgọ́, kò sí ọ̀rọ̀ Júù, àfi gbólóhùn kan pé àwọn mìíràn ti pinnu nǹkan mìíràn fún un. Ọmọ tirẹ̀ tó ń sùn lọ́wọ́ ni ó ń bá sọ̀rọ̀, ìdí nìyẹn tí àkọlé rẹ̀ fi túmọ̀ sí “bíi tìrẹ”. Nínú gbogbo orin tí a mẹ́nu bà níhìn-ín, èyí ni ìfarasin rẹ̀ ní ọgbọ́n jù, nítorí pé olùgbọ́ ti fẹ́ràn ọmọ náà kó tó mọ̀ pé wọ́n ti pa á.

Kì í ṣe gbogbo ìfarasin ló ní ọlá bẹ́ẹ̀. Serge Gainsbourg kọ Les Sucettes fún France Gall ní 1966, nígbà tí ọmọbìnrin náà jẹ́ ọmọ ọdún 18, orin nípa ọmọ tó fẹ́ràn láti máa lá súùtì onígi. Ìtumọ̀ kejì tó jẹ́ ti ìbálòpọ̀ wà nínú rẹ̀, gbogbo àgbàlagbà ló sì gbọ́ ọ àfi ẹni tó ń kọ ọ́; nígbà tó yé e, ojú tì í, ó sì sọ lẹ́yìn náà pé wọ́n da òun. Ẹ̀tàn ni èyí. Gainsbourg kan náà, tó ti wọ ìràwọ̀ yẹ́lò àwọn Júù nígbà ọmọdé ní Paris, ló kọ La Marseillaise, orin orílẹ̀-èdè Faransé, ní ìlù régè ní 1979 pẹ̀lú àwọn onílù Jàmáíkà, tó sì gé ègbè rẹ̀ kúrú sí “et cætera”, ìyẹn “àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ”. Inú bí àwọn ajagun fẹ̀yìntì, wọ́n sì dí eré rẹ̀ lọ́wọ́ ní Strasbourg ní oṣù kìíní 1980, nínú ìlú tí Rouget de Lisle ti kọ orin náà ní 1792. Ní 1981, Gainsbourg ra ọ̀kan nínú àwọn ìwé tí Rouget de Lisle fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, ó sì rí i pé ẹni tó ni orin ti kọ “et cætera” síbẹ̀ kí ó má baà tún ègbè kọ. Ohun tó tún yẹ kí wọ́n bi àwọn tó bínú ni ẹni tí Bouillé jẹ́, tí orúkọ rẹ̀ wà ní ẹsẹ̀ karùn-ún orin náà. Ọ̀gágun tó gbèrò láti ran Ọba Louis Kẹrìndínlógún lọ́wọ́ láti sá lọ ní 1791 ni. Àwọn ọmọ iléèwé Dahomey, tó di Benin lónìí, títí kan àwọn Yorùbá Kétu àti Sábẹ̀ẹ́, kọ orin yìí títí di òmìnira ní 1960, bóyá ni ẹnikẹ́ni fi sọ ẹni tí Bouillé jẹ́ fún wọn.

Ogun Algeria, láti 1954 sí 1962, ni ọ̀rọ̀ tí orin Faransé fara balẹ̀ yí ká jù. Nínú Hexagone ti 1975, tí àkọlé rẹ̀ tọ́ka sí àwòrán ilẹ̀ Faransé tó ní igun mẹ́fà, Renaud to àwọn oṣù ọdún tẹ̀léra, ó sì fi ìṣẹ̀lẹ̀ kan dẹ́bi fún àwọn ènìyàn rẹ̀ nínú púpọ̀ nínú wọn: oṣù kẹta jẹ́ ti ọ̀dọ́mọkùnrin tí ìjọba Franco pa ní Spain ní 1974, oṣù kẹsàn-án jẹ́ ti ìfipágbàjọba tó wáyé ní Chile ní 1973, oṣù kejì sì jẹ́ ti Charonne. Ibùdókọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ní Paris ni Charonne, níbi tí ènìyàn mẹ́sàn-án ti kú lọ́wọ́ ọlọ́pàá ní 8 oṣù kejì 1962 lẹ́yìn ìwọ́de lórí ọ̀ràn Algeria.

Ṣùgbọ́n Le Déserteur ni baba ìsàlẹ̀ gbogbo wọn. Boris Vian kọ ọ́ ní 1954 bí lẹ́tà sí Ààrẹ, láti ọwọ́ ọkùnrin kan tó gba ìwé ìpè sógun tó sì ní òun kò lọ. Ní ìparí bí ó ṣe kọ́kọ́ kọ ọ́, ọkùnrin náà kìlọ̀ pé òun ní ìbọn, òun sì mọ̀ ọ́n yìn. Wọ́n yí i padà sí pé kí àwọn ọlọ́pàá mọ̀ pé òun kò ní dira, kí wọ́n sì yìnbọn bí wọ́n bá fẹ́. Ìparí kejì yìí ló sọ ọ́ di orin àlàáfíà, tó sì jẹ́ kí àwọn ènìyàn gbàgbé ìhalẹ̀ tó wà nídìí rẹ̀. Mouloudji, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Algeria, kọ́kọ́ kọ ọ́ ní gbangba ní 7 oṣù karùn-ún 1954, ọjọ́ gan-an tí àwọn ọmọ ogun Faransé túúbá ní Dien Bien Phu ní Vietnam. Kò sẹ́ni tó pète ọjọ́ náà. Àwọn tí wọ́n fi ìwé pè kọ́ ló jagun Vietnam. Àwọn tó yan iṣẹ́ ogun láàyò àti àwọn ọmọ ilẹ̀ àmúnisìn, títí kan àwọn ọmọ Áfíríkà, ni. Ogun Algeria, tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún náà, ni wọ́n fi ìwé pe ọ̀dọ́ Faransé tó lé ní mílíọ̀nù kan sí, ìgbà yẹn ni lẹ́tà inú orin wá bá ẹni tó ni ín. Wọ́n fòfin dè é lórí rédíò títí di 1962, Vian sì ti kú ní 1959.

Ìjọba kò pe ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Algeria ní ogun títí òfin 18 oṣù kẹwàá 1999 fi jáde. Ní 8 oṣù karùn-ún ọdún kan náà, ní ìlú Montluçon, ọ̀gá iléèwé kan jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kọ Le Déserteur níbi ayẹyẹ ìrántí òpin Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n sì yọ ọ́ nípò ọ̀gá nítorí rẹ̀.